Ṣé Kí A Tọwọ́ Bọ̀wé Pé Ọmọ Wa Kò Ní Sọ̀rọ̀?



Láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a ń kọ sí ojú ewé yìí. Lóṣù yìí a fẹ́ yà kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, dẹ́rẹ́bà tó ti ń wa bọ́ọ̀sì láti nǹkan bí ogún ọdún, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rí yunifásítì wọ̀. Nígbà tí ìròyìn náà dé gáréèjì, gbogbo wa la bá a yọ̀, àwọn kan tilẹ̀ dá owó jọ fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ó fi tún wọ ọ́fíìsì ẹ̀ka pẹ̀lú ìwé kan tí ó ká sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ka ìwé yìí dáadáa. Wọ́n ní bí n kò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, ọmọ kò ní rí yàrá gbà."

A kà á. Ìwé náà kò gùn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òbí ṣe ìlérí pé ọmọ òun kò ní bá wọn dá sí ìfẹ̀hónúhàn kankan, kò ní sọ tàbí kọ ohunkóhun tó lè ba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́, àti pé bí ó bá ṣe é, kí àwọn aláṣẹ lé e, òbí kò ní béèrè ìdí. Nísàlẹ̀ ni wọ́n fa ìlà sí fún ọwọ́ bàbá. A kò ní dárúkọ yunifásítì náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń fún àwọn òbí ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a gbé e síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka, àwọn kan nínú wa sọ pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ lọ kàwé, kí ó kàwé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ta oorun nù kó tó rí owó ilé-ìwé san kò lọ síbẹ̀ láti pariwo. A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó mọ ohun tí ó ná wa kí ọmọ dẹ́rẹ́bà tó dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì yóò mọ̀ pé ẹ̀rù tó ń ba wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìwé náà kà. Ẹ yọ "akẹ́kọ̀ọ́" kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi "òṣìṣẹ́" sí i. Ẹ yọ "ilé-ẹ̀kọ́", kí ẹ fi "kọ́ńpìnnì" sí i. Ṣé ẹ ti dá a mọ̀? Irú ìwé tí àwọn agbanisíṣẹ́ fẹ́ máa fún òṣìṣẹ́ tuntun nìyẹn, pé kò ní wọ ẹgbẹ́, kò ní dá sí ìyanṣẹ́lódì. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kọ̀ ọ́ fún wọn. Ó wà nínú ìpín 9 òfin náà pé ìwé àdéhùn iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí òṣìṣẹ́ má wọ ẹgbẹ́, tàbí kí ó kúrò nínú ẹgbẹ́. Ohun tí òfin kò gbà kí máníjà fi ṣe bàbá, ni wọ́n fẹ́ kí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn wá. Ẹ jẹ́ kí a rántí díẹ̀ nínú ohun tó ti ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọṣẹ́ báyìí kò gbọ́ ọ rí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn ń fẹ̀hónú hàn nítorí oúnjẹ. Ẹni tó ń bójú tó ilé oúnjẹ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ń gbé ni wọn kò fẹ́ mọ́. Ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ gbàjọba. Àwọn ọlọ́pàá wọ inú ọgbà, wọ́n yìnbọn, Kúnlé Adépéjú sì kú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ títí di òní.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1978, ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan àti 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́, owó ilé gbígbé náà sì lọ sókè. Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kó lọ, ibẹ̀ ni ariwo "Ali Must Go" ti wá. Wọ́n pa Akíntúndé Òjó ní yunifásítì Èkó, wọ́n pa àwọn mìíràn ní Zaria. Kí ló tẹ̀ lé e? Ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ àpapọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, NUNS. Wọ́n lé Ṣẹ́gun Òkéowó, ààrẹ wọn, kúrò ní yunifásítì. Wọ́n yọ gíwá yunifásítì Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí, nípò. Wọ́n dá àwọn olùkọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan Ọlá Òní ní Ìbàdàn, ẹni tí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ṣì ń pè ní Kọ́múréèdì títí di òní olónìí, nítorí kì í ṣe inú kíláàsì nìkan ló ti ń kọ́ni. Ó máa ń wá bá àwọn òṣìṣẹ́ níbi ìpàdé wọn.

Ìgbà tó kàn wá jù lọ ni 1986. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ṣe ìrántí àwọn tó kú ní 1978. Àwọn aláṣẹ fìyà jẹ àwọn olórí wọn, ìyẹn sì di ìfẹ̀hónúhàn. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ọlọ́pàá kògbérégbè, ìbọn sì dún nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kú. Àjọ àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, NLC, ní àwọn kò ní dákẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà pé òṣìṣẹ́ yóò jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ láti bá àwọn òbí kẹ́dùn. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìjọba ti kó àwọn olórí NLC, pẹ̀lú ààrẹ wọn Ali Chiroma, sí àtìmọ́lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òfin ológun gé ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, kúrò lára NLC. Ẹ ò rí i pé àwọn tó wà lórí oyè mọ̀ pé okùn kan náà ló so akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ pọ̀? Àwọn mọ̀ ọ́n, àwa la máa ń gbàgbé. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ní 1989, wọ́n tún gbé òfin ológun nọ́ńbà 47 jáde, èyí tó sọ pé kì í ṣe dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tó sì fún àwọn aláṣẹ lágbára láti fòfin de ẹgbẹ́ àti láti lé akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ológun ti lọ láti 1999, ṣùgbọ́n ìwà náà kò bá wọn lọ. Ní 2017, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn fẹ̀hónú hàn nítorí káàdì ìdánimọ̀ tí wọn kò rí gbà. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ rọ́kún nílé. Nítorí káàdì!

Ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ sọ pé gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ló dára. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ wa ni ẹ kọ́kọ́ máa ta kò wá bí a bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti rí ọjọ́ tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gbà lọ́wọ́ yín, tí wọ́n da èrò sílẹ̀ lójú títì, tí wọ́n sì kún inú bọ́ọ̀sì lọ síbi ìfẹ̀hónúhàn wọn láìsan kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹ bá rí mọ́tò padà, gíláàsì ti fọ́, ọlọ́mọ́tò sì ń béèrè owó ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ nìyẹn. Ẹnu kọ́ ló fọ́ gíláàsì. Ọmọ tó ń jà fún tálákà tó wá gba oúnjẹ lẹ́nu tálákà, a máa pè é sẹ́yìn, a máa bá a wí, a ó sì gba owó gíláàsì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ wà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1999, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe sójà, ló pa akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Wọ́n wọ ilé gbígbé Awólọ́wọ̀ lóru pẹ̀lú ìbọn àti àáké, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, títí kan George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní Afrika. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ tako ẹgbẹ́ òkùnkùn kí ọjọ́ náà tó dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ẹ̀wẹ̀, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan ní Ṣókótó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó lu ọmọbìnrin kan pa tí wọ́n sì dáná sun ún, nítorí ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí wọ́n ní ó tàbùkù sí ẹ̀sìn. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló wà nínú ẹ̀ka wa, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín ara wa. Sultan Ṣókótó fúnra rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ìjọba àti gíwá nìkan ló lè pa ẹnu mọ́ ènìyàn. Ojúgbà ẹni lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò òfin, tí àlà sì gbọ́dọ̀ wà.

Níbo wá ni àlà náà wà? Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lójú wa, nítorí òun ló kọ́ wa lọ́gbọ́n ju gbogbo ẹ̀kọ́ alẹ́ tí a lọ. Nínú ilé-iṣẹ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan lẹ ìwé mọ́ pátákó ìkéde. Ohun méjì ló kọ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé oṣù mẹ́rin ti kọjá tí àwọn kò rí ìbọ̀wọ́ gbà, tí irin sì ń gé àwọn lọ́wọ́. Ó tún kọ ọ́ pé máníjà ń kó ìbọ̀wọ́ náà tà lọ́jà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fún un ní kúẹ́rì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ta ni alága ìgbìmọ̀? Máníjà ọ̀hún ni!

A kọ̀ jálẹ̀ pé ìgbìmọ̀ náà kò ní jókòó. A ní àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí wá ni a ó pe ti ẹni tó jẹ́ olùpẹ̀jọ́ tó tún jẹ́ adájọ́? Ó gba ọjọ́ méje kí wọ́n tó yọ máníjà kúrò, tí wọ́n fi ẹlòmíràn sí i. Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ìwé sítọ́ọ̀ fi hàn pé òótọ́ ni, ìbọ̀wọ́ kò wọlé fún oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà pé ta ló rí máníjà lọ́jà, kò ní ẹlẹ́rìí kankan. Inú ló ń bí i, ló fi kọ ọ́. Àwa tí a jẹ́ aṣojú rẹ̀ ni a sọ fún un níta pé kí ó tọrọ àforíjì lórí èkejì, kí ó sì dúró gbọn-in lórí èkíní. Kò dùn mọ́ ọn. Ó ní ṣé a kò sí lẹ́yìn òun ni? A ní a wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹyin lohùn, orúkọ máníjà náà ní ìyàwó àti ọmọ tó ń jẹ́ ẹ. Ó tọrọ àforíjì, wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́. Ìbọ̀wọ́ dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bí a bá fi èyí wo ọ̀rọ̀ yunifásítì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ wa ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1986, ẹjọ́ Garba àti yunifásítì Maiduguri. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1983, wọ́n ba dúkìá jẹ́, iná jó. Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, wọ́n sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Alága ìgbìmọ̀ náà ni igbákejì gíwá, tí òun gan-an fara gbá nínú rògbòdìyàn náà. Àwọn adájọ́ ní rárá. Wọ́n ní dídáná sun ilé jẹ́ ọ̀ràn tó yẹ kí ilé-ẹjọ́ gbọ́, kì í ṣe ìgbìmọ̀ inú ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ẹni tí a fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀sùn kí ó sì fèsì. Wọ́n ní ẹni tí ọ̀ràn kàn kò lè jókòó ṣe adájọ́. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn adájọ́ kò sọ pé ó dára láti jó ilé o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tí wọ́n ní ó jó ilé pàápàá ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Tí ẹni tí wọ́n ní ó jó ilé bá ní irú ẹ̀tọ́ yẹn, ọmọ tó gbé pálí sókè ńkọ́?

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín 39, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò tirẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ jáde. Ìpín 45 gbà pé òfin lè dín in kù nítorí ààbò ìlú tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. A fara mọ́ méjèèjì. Òfin ni ó sọ, kò sọ pé ìbínú gíwá. Ẹni tó bá parọ́ mọ́ ènìyàn, kí wọ́n pè é lẹ́jọ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n lọ pa ènìyàn, ọlọ́pàá ló kàn. Ẹni tó bá sọ pé omi kò yọ ní ilé gbígbé, pé owó ilé-ìwé ti wọ́n jù, pé olùkọ́ kan ń fi máàkì dẹ ọmọbìnrin wò, ẹ dá a lóhùn. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ẹ fi ìwé hàn án. Bí ẹlẹ́sìn kan tàbí olóṣèlú kan bá wá sọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ gbọ́, kí àwọn náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí wọ́n tó dìde fèsì, dípò kí wọ́n hó lé e lórí. Èyí le fún àwọn ọ̀dọ́, àwa náà mọ̀. Ìpàdé ẹ̀ka tiwa pàápàá, ẹ ò rí bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ka ìṣirò owó!

A gbọ́ pé àwọn aláṣẹ máa ń sọ pé ìfẹ̀hónúhàn ló ń fa títì ilé-ẹ̀kọ́, tí ọdún mẹ́rin fi ń di mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ gidi ni, òbí tó ń sanwó mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ta ló ń ti ilé-ẹ̀kọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kọ́kọ́rọ́ géètì. Ibi tí àyè bá wà láti sọ pé káàdì kò dé, kí ẹnìkan sì jókòó gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ káàdì máa ń parí nínú ọ́fíìsì. A rí i ní ilé-iṣẹ́. Níbi tí kọ́ńpìnnì bá ti ń jókòó bá ẹgbẹ́ lóṣooṣù, ẹ̀ẹ̀kan la fi ń yanṣẹ́ lódì lọ́dún márùn-ún. Níbi tí wọn kò ti fẹ́ rí ẹgbẹ́ sójú, ẹ̀rọ ni wọ́n ń dáná sun.

Ní ti ọmọ ẹgbẹ́ wa, ohun tí a bá a ṣe nìyí. A kò sọ fún un pé kí ó fa ìwé ya, nítorí ọmọ tirẹ̀ ni yóò sùn síta, kì í ṣe tiwa. A jọ jókòó. A fi gègé fa ìlà sórí ibi tó sọ pé òbí kò ní béèrè ìdí, àti ibi tó sọ pé ọmọ kò ní sọ tàbí kọ ohunkóhun. A kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ yóò pa òfin ìlú mọ́, kò ní ba dúkìá ẹnikẹ́ni jẹ́, bí wọ́n bá sì fẹ̀sùn kàn án, kí wọ́n jẹ́ kí ó fèsì níwájú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Bàbá tọwọ́ bọ ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, a kò ní purọ́ fún yín. A fi lẹ́tà ẹ̀ka ti ìwé náà, a mẹ́nu ba ìpín 39 àti ẹjọ́ 1986 níbẹ̀, ó sì gbé e lọ.

Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, wọn kò tíì fèsì. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Kò tíì rí yàrá. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé, bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ lọ, méjì ló ń wọ̀ bọ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà ẹ̀ka wa tó wà ní ojú ọ̀nà yẹn ti mọ̀ ọ́n, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí wọ́n bá ti fún ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń dúró de ìgbìmọ̀ ìbáwí, kí ó mú ìwé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, lẹ́yìn ìpàdé àwọn aṣojú. Ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání, kí ẹ má sì tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó dé.